Ìpín Àwọn Ará Òkè-Òpìn

"Ọ̀gá, mi ò ní dáná sí i."

Ẹnu ọ̀nà yàrá bọ́ílà ni Ọlákìtán dúró sí. Bọ́ílà náà, ìkòkò irin ràgàjì tí ooru rẹ̀ ń mú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ gbẹ, ti ń súfèé láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti wú.

Ọlágòkè, ọ̀gá ilé iṣẹ́, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tọ̀mídé! Ọdún mọ́kàndínlógún nídìí bọ́ílà, ẹ wá ń sá fún ooru bí ẹni tí kò jẹ iyán gbígbóná rí."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ná."

"Ó di oṣù tó ń bọ̀. Bí a bá náwó sí i báyìí, èrè á dínkù, iye owó ìpín ìdókòwò á sì já wálẹ̀ lọ́jà Èkó. Ẹ̀yin náà kúkú ní ìpín."

Òótọ́ ni. Ìdajì Òkè-Òpìn ló ra ìpín nígbà tí ilé iṣẹ́ náà dé. Níbi ìpàdé ọdún tó kọjá, wọ́n fẹnu kò pé bí ìpín bá ti ń gòkè ni kí owó oṣù ọ̀gá máa gòkè. Ọlákìtán gan-an nawọ́ méjèèjì. Láti ìgbà náà, owó ọ̀gá ti di ìlọ́po mẹ́ta, wọn kò sì pààrọ̀ irin kan nínú bọ́ílà.

Ọlágòkè na ìṣáná sí Waliyullah, alábàárù tó bímọ mẹ́ta. "Ìwọ, wá ṣe é."

Ọlákìtán sáré lọ síbi tí àwọn obìnrin ti ń rọ ìyẹ̀fun sápò. "Àmúdàtù, jáde!"

"Kí wọ́n lè gé owó mi?" ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Bàbá yìí, ìpín wa lẹ fẹ́ fà lulẹ̀!" Falilat, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, pariwo, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Ọlákìtán di Àmúdàtù lọ́wọ́ mú; ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà. "Ẹ máa lọ ná, mò ń bọ̀."

Ọlákìtán kò tíì dé géètì tí bọ́ílà fi bú gbàmù, ilẹ̀ sì mì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sin Waliyullah. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìpín já wálẹ̀ pátápátá. Owó ọ̀gá kò bá a wálẹ̀: gígòkè nìkan ni wọ́n fẹnu kò lé lórí.

Lẹ́tà ilé iṣẹ́ bá Ọlákìtán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ní ó fi bọ́ílà sílẹ̀ láìgba àyè, ọrùn rẹ̀ sì ni ẹ̀bi wà. Ilé iṣẹ́ kò ní san owó ìtọ́jú ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀. Ọlágòkè ló fọwọ́ sí i.

Báńdéèjì ti bo ojú Àmúdàtù méjèèjì. "Bàbá Tọ̀mídé, kí ni wọ́n kọ?"

Ó ká lẹ́tà náà pọ̀. "Wọ́n ní wọ́n kí ọ."