Eégbọn Etí Ìyá Mi

Ìwádìí eégbọn ni iṣẹ́ ọkọ mi. Mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi títí ó fi sú mi, síbẹ̀ tíṣà ló ń pè é níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, torí ojú ń tì í.

Ó di ọdún mọ́kànlá tí ọkọ mi ti ń sọ pé irú eégbọn kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní òrùka funfun, wà ní ìhà odò tiwa níbí. Àwọn àgbà iṣẹ́ náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, òdìkejì odò ló mọ. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà, ìhà tiwa ṣófo. Ọkọ mi tú irun gbogbo ajá àti ewúrẹ́ àdúgbò, kò rí ẹyọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi ní ẹ̀yìn etí ń yún òun. Oṣù kan ló ti wà lọ́dọ̀ wa, kò sì jáde kọjá ọgbà. Ọkọ mi wo ibẹ̀, ó mú ẹ̀mú, ó fa nǹkan kan yọ jẹ́jẹ́. Nígbà tó fi awò wò ó, tó rí òrùka ẹsẹ̀, tó rí awo líle tó bo ẹ̀yìn rẹ̀ látòkèdélẹ̀, tó fi mọ̀ pé akọ ni, omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú tèmi náà dùn kọjá sísọ.

Ọkọ mi fi eégbọn náà sínú ìgò kékeré. Àmọ́ ìwé pélébé kan máa ń wà lára irú ìgò bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti rí eégbọn náà àti ẹ̀dá tó so mọ́ lára, dandan ni kí wọ́n kọ méjèèjì síbẹ̀. Ìyá mi gbọ́ èyí, ó fajú ro. Ó ní òun ò bímọ mẹ́fà kí wọ́n tó wá ka òun mọ́ ewúrẹ́.

Mo fa ọkọ mi sí kọ̀rọ̀, mo ní kó kúkú kọ ewúrẹ́, ta ló máa mọ̀?

"Tí mo bá purọ́ nípa ara ẹni tó so mọ́," ó ní, "ta ló máa gbà mí gbọ́ nípa ibi tí mo ti rí i?"

Ó pa dà lọ bá ìyá mi, ó ní bí wọn ò bá fẹ́, òun á da ìgò náà nù. Ìyá mi wá béèrè bóyá wọ́n ti kọ èèyàn kankan síbẹ̀ rí. Ọkọ mi ní rárá, màlúù, ajá, ewúrẹ́ àti ehoro nìkan ni.

"Kọ ọ́, ọmọ mi," ìyá mi ní. "Ṣùgbọ́n kọ ọ́ mọ́ ọn pé onítọ̀hún ti wẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà."

Ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó bi ìyá mi pé aago mélòó ni wọ́n wẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.