Orúkọ Tí Òǹkàwé Keje Kò Pè

Òfin kan ṣoṣo ni Adéyanjú fi ń ṣe iṣẹ́ lámèyítọ́: kò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ìwé àfetígbọ́ tí kò bá tíì gbọ́ dé òpin. Ọdún mẹ́rin ló fi pa òfin náà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló rú u, ẹ̀ẹ̀kan náà sì tó.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, àwòrán ilé ló ń yà ní ọ́fíìsì kan ní Oloumi, àdúgbò kan ní Libreville. Ní òpin ọ̀sẹ̀, á jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Sibang, á fi ẹ̀rọ sétí, á ṣí ìwé títẹ̀ síwájú, á sì máa fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ẹnu òǹkàwé bá ti yà kúrò lójú ìwé. Ohun tó bá rí ni yóò kọ sí ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi ń kà kí wọ́n tó yan ìwé tí wọn yóò gbọ́. Kì í yin ènìyàn lásán. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé ìràwọ̀ mẹ́ta láti ọwọ́ rẹ̀ wúwo ju márùn-ún ẹlòmíràn lọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyá rẹ̀ a máa pè é láti Ìlá. Màmá ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ìbéèrè rẹ̀ kò sì yí padà: ṣé ó ti rí ọmọ Bólúwají? Bólúwají ni àkọ́bí rẹ̀, ẹ̀gbọ́n Adéyanjú, tó kú ní Libreville lọ́dún méje sẹ́yìn. Ornella ni ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ mú un kúrò nílé wọn ní Okala, ẹnikẹ́ni nínú ìdílé kò sì gbúròó wọn mọ́. Màmá ní òun kò fẹ́ kú láì gbọ́ ohùn ọmọ náà. Adéyanjú ti béèrè wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, ó ti padà sí Okala, níbi tí àwọn àjèjì ti ń gbé inú ilé náà. Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń dá Màmá lóhùn pé òun ṣì ń wá wọn.

Ìwé tó mú un rú òfin dé lóṣù kẹta. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Cotonou ló gbé e jáde. Ilé iṣẹ́ náà kì í dárúkọ àwọn tó ń kàwé fún un. Nọ́ńbà ló ń fún wọn. Òǹkàwé Keje ló ka èyí, obìnrin sì ni. Ìtàn káfíńtà kan ni, orúkọ káfíńtà náà sì ni Adéyanjú. Èyí dùn mọ́ Adéyanjú nínú díẹ̀, nítorí orúkọ rẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú ìwé.

Iṣẹ́ pọ̀ lóṣù náà. Ó tẹ fóònù kí ohùn náà máa sáré ní ìlọ́po kan àti ààbọ̀, ó sì ń gbọ́ ọ nínú taksí láti Sibang dé Oloumi, ìwé títẹ̀ lórí itan, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ nìkan ni ènìyàn ń gbọ́ nínú ohùn tó bá ń sáré bẹ́ẹ̀. Kì í gbọ́ ẹni tó ń sọ ọ́.

Inú dídùn rẹ̀ kò pẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé títẹ̀ sọ pé Adéyanjú gbé ayùn rẹ̀ kọ́ èjìká. Òǹkàwé Keje ní Káfíńtà gbé ayùn rẹ̀ kọ́ èjìká. Adéyanjú sàmì sí i. Ní ìlà kẹfà, Káfíńtà. Ní ojú ewé kejì, Káfíńtà. Níbi tí Káfíńtà kò bá ti wọlé, á di ‘ọkùnrin náà’. Nígbà tí orí kẹta parí, àmì mọ́kàndínlógójì ló wà nínú ìwé, obìnrin náà kò sì tíì pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan.

Ní orí kẹsàn-án nínú méjìlá, ó yọ ẹ̀rọ kúrò létí. Ó dá a lójú pé kò sí ohun tuntun tí orí mẹ́ta tó kù lè fi hàn án. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ó kọ èrò rẹ̀, ó fún ìwé náà ní ìràwọ̀ kan, ó sì fi gbólóhùn yìí parí rẹ̀: ‘Òǹkàwé tí kò lè pe orúkọ olórí ìtàn kì í ṣe ẹni tí a ń gbé ìtàn lé lọ́wọ́.’

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti yẹ̀ ẹ́ wò, òdodo ló sọ. Wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Òǹkàwé Keje, wọn yóò sì yọ ìwé náà kúrò lórí àtẹ ní ọjọ́ Ajé. Adéyanjú ka lẹ́tà ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, òjò ń rọ̀. Susannah, ìyàwó rẹ̀, ń lọ aṣọ ní pálọ̀. Ó ní kí ó jẹ́ kí òun gbọ́ obìnrin tí gbogbo ayé ń bú yìí kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Adéyanjú tẹ̀ ẹ́ fún un. Ohùn náà jáde, ó ń sáré. Susannah béèrè pé ta ló ń lé e, ó sì ní kí ó dá a padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. Ó dá a padà.

Susannah gbọ́ orí kìíní láì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

‘Bàbá Ayọ̀dé, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí, ẹ ò mọ èyí?’

Ó bi í pé kí ni òun kò mọ̀.

‘Ìyàwó ilé ni. Ẹnì kan ń jẹ́ Adéyanjú nílé ọkọ rẹ̀, ó sì bá a nílé. Báwo ló ṣe fẹ́ fi ẹnu rẹ̀ pè é?’

Adéyanjú ní inú ìwé ni Adéyanjú yìí wà, àwọn alààyè ni a ń bọ̀wọ̀ fún. Susannah ní ahọ́n kò mọ ìyẹn. Ó rán an létí ọjọ́ tí wọ́n ní kí òun ka ìkéde ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí orúkọ ọkọ ìyàwó sì jẹ́ Jonathan. Jonathan ni bàbá Adéyanjú ń jẹ́. Ṣebí ‘ọmọ Màmá Monique’ ni òun kà, tí gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, tí pásítọ̀ sì béèrè bóyá ọkọ ìyàwó kò lórúkọ ni? Adéyanjú fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

‘Àbí ẹ ní ìyàwó níbòmíràn tí n kò mọ̀?’ Susannah wí. ‘Adéyanjú mélòó ló wà láyé?’

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n Adéyanjú kò rẹ́rìn-ín. Ohùn náà ṣì ń kà, ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì ti ń dà bí ohùn tó mọ̀. Ó tẹ fóònù, ó fo gbogbo ohun tó wà láàárín, ó lọ sí orí kejìlá. Nínú ìwé títẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá káfíńtà ti pe ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí àkéte àìsàn. Kò sí ìyá tí í pe ọmọ rẹ̀ ní Káfíńtà. Ó fẹ́ mọ ohun tí obìnrin náà yóò ṣe níbẹ̀.

Ohùn náà débẹ̀, ó dúró. Wọ́n gbọ́ bó ṣe mí. Lẹ́yìn náà ó ní:

‘Ajíkàwé. Ajíkàwé. Ajíkàwé.’

Pẹ́ńsùlù bọ́ lọ́wọ́ Adéyanjú.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè é bẹ́ẹ̀ láyé. Ọmọ ogún ọdún ni Adéyanjú nígbà tó dé Libreville, ilé Bólúwají ní Okala ló sì ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń wà nídìí ìwé, nítorí ìdánwò yunifásítì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí kò lè pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, sọ ọ́ ní Ajíkàwé. Á gbé tíì síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, á ní, ‘Ajíkàwé, ẹ rọra.’ Ìyá Ornella ni.

Susannah kò bá wọn nílé. Ọdún kan lẹ́yìn ikú Bólúwají ló tó wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ó béèrè ẹni tí ń jẹ́ Ajíkàwé. Adéyanjú fi ọwọ́ sọ fún un pé kó jẹ́ kí òun gbọ́ ọ tán. Ìwé náà parí. Ohùn náà dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùgbọ́, ó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó tún ohùn ṣe kò gé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e kúrò. Láti inú rẹ̀ ni ohùn ọmọge kan ti wá, láti ọ̀nà jíjìn, ó ń fi èdè Faransé béèrè bóyá ó ti parí:

‘Maman, c'est fini?’

‘Ó ti parí,’ ìyá rẹ̀ dáhùn.

Adéyanjú dá a padà, ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó sọ fún Susannah ohùn ẹni tí wọ́n gbọ́, Susannah dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí ó pe Màmá lójú ẹsẹ̀. Kò pè é. Ó jókòó, ó sì sọ ohun tí kò sọ fún ìyàwó rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n sin Bólúwají tán, àwọn àgbà ìdílé ní kí ilé Okala padà sọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n fẹ́ lẹ́tà tí ìjọba yóò gbà, ní Faransé tí wọn kò gbọ́. Adéyanjú, tó lọ sí yunifásítì, ni wọ́n ní kí ó kọ lẹ́tà tó fún Ìyá Ornella ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti kó jáde. Ó kọ ọ́. Kò sí èébú nínú rẹ̀, kò sí àṣìṣe kan. Ó fọwọ́ sí i. Wọn kò sọ fún Màmá. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí fún ara rẹ̀ pé ìdílé ló lé obìnrin náà, pé kálámù nìkan ni tòun. Kálámù kan náà ló tún lé e lọ́sẹ̀ yìí.

Susannah yọ iná áyọ́ọ̀nù, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

‘Lẹ́yìn lẹ́tà yẹn,’ ó wí, ‘síbẹ̀, kò pe orúkọ yín.’

Adéyanjú wá nọ́ńbà ilé iṣẹ́ náà.

Ó pe Cotonou. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ibi tí òǹkàwé ń gbé, ṣùgbọ́n bí ó bá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, àwọn yóò fi ránṣẹ́ sí i. Ó pa èrò tó kọ rẹ́, ó kọ òmíràn: òun kò gbọ́ ìwé náà dé òpin, òǹkàwé kò jẹ̀bi, òun ló jẹ̀bi. Lẹ́yìn náà ló gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kì í sọ gbólóhùn kan láì tún un ṣe sọ̀rọ̀ láì ní ìwé lọ́wọ́. Ó ní òun ló kọ lẹ́tà, òun náà ló kọ èrò yẹn. Màmá kò mọ̀ nípa èyíkéyìí. Ohùn Ornella ni Màmá ń béèrè. Ó ka nọ́ńbà Màmá síbẹ̀. Ó tọrọ àforíjì.

Nígbà tí Màmá pè lọ́jọ́ Àìkú, ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Adéyanjú ní òun ti gbọ́ ohùn wọn. Màmá béèrè bóyá ohùn náà le. Ó ní ó le.

Ọjọ́ Ajé kọjá, kò sí èsì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú taksí ní Sibang, fóònù rẹ̀ dún. Màmá ni, kì í sì pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ọmọ náà ti pe òun. Ó kí òun pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó ní orúkọ òun ni Ornella, ohùn rẹ̀ sì jọ ti Bólúwají nígbà èwe rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ tó di ti ọkùnrin. Màmá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Adéyanjú dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń gbọ́.

Ẹkún náà dáwọ́ dúró.

‘Ìyá rẹ̀ náà bá mi sọ̀rọ̀,’ Màmá wí. ‘Mo bi í pé ta ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ní Adéyanjú ni.’

Adéyanjú di fóònù mọ́ etí.

‘Ó pè é bẹ́ẹ̀, bí ẹni pe aládùúgbò. Mo rò pé etí mi ni. Mo tún bi í, ó tún pè é.’ Ohùn Màmá rẹlẹ̀. ‘Ogún ọdún ni ìyàwó yìí fi jẹ́ ìyàwó wa, kò pe orúkọ rẹ lójú mi rí. Kí lo ṣe fún un?’

Taksí ti lọ. Kò sí ìwé níwájú rẹ̀, kò sí pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀.

‘Màmá,’ ó wí, ‘mo kọ lẹ́tà kan.’