Ìwé Ọjọ́ Orí Habeeb

Ẹni mẹ́ta ló kù kí ó kàn án. Asiata di ìwé náà mú títí òógùn ọwọ́ fi rin ín.

Ilé-kéwú ni àwọn òbí ti ń pàdé láti bí oṣù méjì, àwọn tí wọ́n kó ọmọ wọn pọ̀ mọ́ àgbàlagbà lẹ́wọ̀n. Lọ́la ni ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn yóò dé Ìlọrin: kí wọ́n yọ àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn ní kóòtù ọmọdé. Mummy Susannah, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ń gba ẹ̀rí ọjọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Yá Allah, bò mí láṣìírí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Habeeb ọmọ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Asiata bura ní kóòtù pé ó ti pé méjìdínlógún, torí ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ní òun kò ní í gbé e fọ́mọdé wà. Èrò kan gbàgbé fóònù tó jí sínú kẹ̀kẹ́ náà, ni wọ́n bá mú Habeeb. Ìwé ìbúra tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí ni ọlọ́pàá wò tí wọ́n fi kà á mọ́ àgbà. Habeeb Àjàní, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín! Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ṣùgbọ́n ta ni ọmọdé fẹ́ dá nínú yàrá àwọn géńdé?

"Ìyá Habeeb, ṣé lẹ́tà ọkọ ni, tẹ́ ẹ fi dì í máyà báyìí?"

Alhaja Fatimah, ìyá Lukman, ni. Òun ti fi ìwé ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó kàn án, Mummy Susannah nawọ́. "Ẹ mú un wá."

"Mummy, irọ́ ló wà níbẹ̀." Asiata tẹ́ ìwé náà síwájú rẹ̀. "Èmi ni mo bura. Mo fi ọdún kún ọdún ọmọ mi."

Taofeek, bàbá kan lẹ́yìn, fò dìde. "Ó parí! Bí adájọ́ bá gbọ́ èyí, òpùrọ́ ni gbogbo wa nìyẹn."

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n." Mummy Susannah bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìyá Habeeb, wọ́n lè torí èyí tì yín mọ́lé o."

Ẹyin lohùn. Èyí tí Asiata jù sílẹ̀, orí ọmọ rẹ̀ ló fọ́ sí.

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Mummy. Ẹ kọ orúkọ mi sí i."

Báírò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí ìwé. Alhaja Fatimah dìde wẹ́rẹ́.

"Ẹ bá mi yọ tèmi kúrò níbẹ̀." Kò wojú ẹnikẹ́ni. "Lukman ti lé lógún. Nítorí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé la ṣe dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù."

Ó na ọwọ́ láti gba ìwé Lukman padà. Àṣé ẹ̀rù ni obìnrin yìí ń fi àwàdà bò látàárọ̀.