Kọ́kọ́rọ́ Àká

"Ìwọ̀n mẹ́ta ni mo béèrè, Màmá. Ìwọ̀n kan lẹ bù."

"Ènìyàn mẹ́ta péré ló wà nílé. Ta ni yóò jẹ ìyókù?"

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ó jẹ ẹ́ tán, ẹ ó tún máa ráhùn pé kò pọ̀."

Yangzom bu ìwọ̀n kan lé e, ó ti ilẹ̀kùn àká, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbànú rẹ̀. Chuskit, ìyàwó ọmọ rẹ̀, gba ìyẹ̀fun báálì náà láìwo ojú rẹ̀. Ọdún kejìlá rèé tó ti wọ ilé yìí, kò tíì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn rí.

Ní abúlé wọn ní Nubra, láàárín àwọn òkè gíga, bí àrólé bá ti gbéyàwó tó sì ti bímọ, ìyá rẹ̀ á kó lọ sí ilé kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà, á fi ilé ńlá àti kọ́kọ́rọ́ àká lé ìyàwó lọ́wọ́. Gbogbo ojúgbà Yangzom ló ti kó lọ. Spalzes, ọ̀rẹ́ rẹ̀, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Rigzin, ṣé o fẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ lọ sọ́run ni?" Yangzom á ní, "Ẹ jẹ́ kí Rigzin dé ná."

Rigzin ò sì tíì dé pátápátá. Ṣọ́jà ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń ṣọ́ ẹnubodè lórí òkè yìnyín, níbi tí koríko ò ti hù, tí èémí pàápàá ti ṣọ̀wọ́n. Bó bá wálé, ètè rẹ̀ á ti bó, oorun ni á máa sùn títí ọkọ̀ wọn á fi tún gbé e lọ. Ìgbàkígbà tí hẹlikọ́pítà bá ń gbé ẹrù wọn gòkè, Yangzom á fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á ké sí i bí ẹni ké sí aládùúgbò: "Ẹ sọ fún un kó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì o!"

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń kàn án nídìí tẹlifóònù. Ìṣẹ́jú márùn-ún, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yìí, bí ìṣe rẹ̀, Yangzom ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ròyìn màlúù tó bímọ, ó ròyìn òrùlé tó ń jò, ó bèèrè ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ku díẹ̀ kí àkókò pé nígbà tí Rigzin wúkọ́.

"Màmá, mo ti fọwọ́ sí ọdún méjì sí i. Ọ̀gá wa ní àwa tí a mọ ìrìn orí yìnyín ò pọ̀ mọ́. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Dechen."

"Sọ fún un fúnra rẹ."

Chuskit gba fóònù, ó tẹ́tí. "Mo ti gbọ́," ni gbogbo ohun tó rí sọ kí fóònù tó já.

Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, báàgì ló gbé dání, aṣọ Dechen, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kún inú rẹ̀.

"Lọ́la, èmi àti Dechen ń lọ sí ìlú Leh, kí yìnyín tó dí ọ̀nà. Màá wá iṣẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì."

"Tìtorí ọdún méjì?"

"Mo lè dúró de ọmọ yín, Màmá. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tí mi ò lè ṣe mọ́ ni kí n máa tọrọ ìyẹ̀fun nínú ilé tí mò ń roko rẹ̀. Ojú olè lẹ fi ń wò mí."

"Olè kẹ̀?" Yangzom jókòó gbì. "Ìwọ, olè?"

"Kí ni kí n pè é? Ọmọ yín wálé lọ́dún tó kọjá, ẹ ò fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó wálé lẹ́ẹ̀rùn yìí, ẹ ò fún mi."

"Ó máa tún padà gòkè ni!" Ìyá àgbà di kọ́kọ́rọ́ ìgbànú rẹ̀ mú. "Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yìí, òkè ni ọkọ mi wà. Alágbàárù ni, ó ń ru epo lọ fún àwọn ṣọ́jà. Rigzin wà lẹ́yìn mi, kò tíì hu eyín. Ìyá ọkọ mi ní ó ti rẹ òun, kí n gbà á. Ọjọ́ kẹrin tí mo gbà á ni yìnyín ya lu wọ́n. Títí dòní, a ò rí bàtà rẹ̀."

Chuskit gbé báàgì kalẹ̀.

"Ọdún méjìlá, Màmá. Ẹ ò sọ ọ́ fún mi."

"Ta ní ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ síta?"

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Bí hẹlikọ́pítà bá bà lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ rẹ̀, ilé màlúù ni mo máa ń sá pamọ́ sí. A wà nínú ilé kan náà, olúkúlùkù ń dá ẹ̀rù tirẹ̀ bà."

Yangzom dìde lọ sí yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí Chuskit ti múra fún Dechen, wọ́n rí èéfín tó ń rú látinú ilé kékeré. Ìyá àgbà ti gbá a, ó ti gbé ìkòkò kan, ìbora rẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn àká.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ó wí. "Ṣí i kí n tó yí ọkàn padà." Chuskit gbé báàgì padà sí yàrá, ó sì ṣí ilẹ̀kùn àká.

Ọjọ́ mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, Yangzom ò lè jẹun dáadáa. Ọjọ́ kẹrin ló burú jù: ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, Chuskit sì gbé òwú tó ń ran wá jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Àìkú, tẹlifóònù dún. Chuskit sáré nà án sí i.

"Òun ni, Màmá. Ẹ gbà."

Yangzom gbé e sétí. Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń mí, mímí àwọn tó wà lórí òkè yìnyín, tó ń fà bí ẹni tó ń fa ẹrù.

"Màmá? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ," ó wí. Ó dá fóònù padà fún ìyàwó, pẹ̀lú gbogbo ìṣẹ́jú tó kù nínú rẹ̀, ó rọra fa ilẹ̀kùn dé, ó sì gba ọ̀nà ọgbà lọ.