Ìkòkò Tó Dákẹ́ Lóṣù Áàdì

Láti ìgbà tí ibà ìgbà òjò ti dá Rákkàyì dùbúlẹ̀ ni imú rẹ̀ ti kú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá so òdòdó mọ́ irun, bí ẹni so òwú lásán ni. Ẹja gbígbẹ jóná mọ́ ìkòkò lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò mọ̀ àfi ìgbà tí Tẹ́nmọ́lì, ìyàwó ọmọ rẹ̀, sáré dé láti ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá, ẹja ń jóná o!"

"Ta ló sọ fún ọ pé n kò mọ̀? Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Wọ́n jẹ ẹja dúdú lọ́jọ́ náà.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ẹ̀kọ jéró tí wọ́n ń pè ní kúùlù, tí wọ́n ń sè lóṣù Áàdì, oṣù ẹbọ. Ìkòkò kan ṣoṣo ni ìdílé kọ̀ọ̀kan ń gbé lọ sílé Ìyá Màríyammà, òrìṣà abúlé wọn. Wọn á da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agbada ńlá, gbogbo abúlé á sì mu ún. Ẹni tó sè é kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò kí Ìyá tó gba tirẹ̀, kò gbọdọ̀ lá ìka pàápàá. Imú nìkan ló kù tí alásè fi ń mọ̀ bí ìyẹ̀fun bá ti kan tó, tàbí bó bá ń jó nísàlẹ̀. Ta ló wá fẹ́ gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí imú rẹ̀ ti kú? Wọn á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, wọn á gbé e fún Pàppátì, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń gbé lódìkejì ògiri. Àtìgbà tí irun Pàppátì ṣì dúdú ló ti ń wo ìkòkò náà bí ológbò ṣe ń wo wàrà.

Nítorí náà ni Rákkàyì ṣe kọ́ etí rẹ̀ níṣẹ́ imú. Ìyẹ̀fun jéró tó bá ń kan a máa sọ̀rọ̀. Bí o bá gbé etí lé ẹnu ìkòkò láàárọ̀, wàá gbọ́ ọ tó ń hó wúyẹ́wúyẹ́, bí alákàn tó ń mí nínú ẹrẹ̀. Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló fi dán an wò, etí kò sì já a kulẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ ẹbọ dé. Ó ti po ìyẹ̀fun sínú ìkòkò ńlá lọ́sàn-án àná. Ó ṣí ọmọrí, ó tẹ̀, ó gbé etí lé e.

Ìkòkò dákẹ́.

Ó yí etí kejì sí i. Ó dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Tẹ́nmọ́lì bá a, tó da orí bo ẹnu ìkòkò. Ọmọ náà ju korobá omi sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ láti àná, ẹ kàn ń bò mí láṣìírí ni."

"Òórùn kí ni?"

"Ẹ má fi mí ṣeré, Ìyá. Ọṣẹ ni. Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ ìkòkò náà. Mo rí i tó dúdú nínú, tó ń yọ̀, mo ní ṣé irú èyí là ń gbé lọ fún Ìyá Màríyammà? Mo fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Nígbà tí ẹ po ìyẹ̀fun sí i tí ẹ kò bá mi wí, mo ní bóyá kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n òórùn tó ń tibẹ̀ jáde láàárọ̀ yìí, bí ẹní sá aṣọ ni."

Ìgboro ni wọ́n ti fẹ́ Tẹ́nmọ́lì wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ ohun gbogbo. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé a kì í fọ ikùn ìkòkò jéró. Omi lásán là ń fi ṣàn án, a ó dojú rẹ̀ dé sóòrùn. Omíkan àná tó sá pamọ́ sínú amọ̀ ló ń jí ìyẹ̀fun òní. Ọmọ náà ti fọ àwọn bàbá ńlá omíkan wọn dànù.

Rákkàyì dìde dúró. Ọ̀nà ti là fún un gbayawu, ó sì rí i. Bó bá dákẹ́, yóò di ìyá ọkọ tó mọ̀ tí kò wí; Tẹ́nmọ́lì á ròyìn inú rere rẹ̀ títí dé ìdí kànga. Bí ìkòkò kò bá sì dé ilé Ìyá lọ́sàn-án, ọṣẹ ìyàwó ìgboro ló bà á jẹ́. Títí ọmọ náà yóò fi hu ewú ni wọn á máa pè é ní Ìyàwó Ọlọ́ṣẹ. Imú Rákkàyì kò ní wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá. Ó wo ọ̀dọ́mọbìnrin tó kúnlẹ̀ sínú omi tó dànù, tí aṣọ sárì rẹ̀ ti rin gbingbin.

"Tẹ́nmọ́lì, dìde. N kò gbóòórùn kankan."

"Ẹ̀hn?"

"Imú mi ti kú. Láti ìgbà ibà yẹn. Ká ní ó yè ni, mi ò bá ti da ìkòkò yẹn nù lánàá, kí n sì fi ètè bà ọ́ jẹ́ débi tó o máa sá padà sílé baba rẹ."

Tẹ́nmọ́lì ń wò ó, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ẹja ọjọ́sí wá ńkọ́?"

"N ò gbóòórùn ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe fẹ́ ẹ! Ìyá! Ẹ fún mi ní èédú jẹ!"

"O sì jẹ ẹ́ tán. O tún lá ọwọ́."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyẹ̀fun kì í kan láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán láìsí omíkan tó lágbára. Ibì kan ṣoṣo ló kù láti lọ.

Pàppátì ń gbálẹ̀ nígbà tí Rákkàyì àti Tẹ́nmọ́lì yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ìgbálẹ̀ dúró.

"Ìyálé mi! Ní ọjọ́ ẹbọ! Ṣé ilé yín ń jó ni?"

"Pàppátì, omíkan ni mo wá tọrọ. Ìkòkò wa kò dún."

"Ìkòkò tìrẹ? Kí ló ṣe é?"

Tẹ́nmọ́lì ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ ọṣẹ. Rákkàyì yára gbà á mọ́ ọn lẹ́nu. "Imú mi ti kú. N kò lè mọ̀ bó bá bàjẹ́, ó sì ti bàjẹ́."

Pàppátì kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó fi ìka pè wọ́n. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lábẹ́ aṣọ tútù, ìkòkò amọ̀ kan wà níbẹ̀. Rákkàyì kò tíì tẹ̀ tán tó fi gbọ́ ọ: wúyẹ́wúyẹ́, wúyẹ́wúyẹ́.

"Ọdọọdún ni mo máa ń pò ó," ni Pàppátì wí, ojú rẹ̀ ń wo ilẹ̀. "Mo ní bóyá ọwọ́ rẹ á yẹ̀ lọ́dún kan. Ọdún tí kò bá yẹ̀, àwa la máa ń mu ún nílé yìí, títí ọkọ mi á fi ní òun kò fẹ́ rí jéró mọ́. Ìyá ọkọ wa bu omíkan fún mi nígbà tí a pín ilé, ìwọ ò mọ̀ ni. Ọ̀kan náà ni tèmi àti tìrẹ."

Rákkàyì kò mọ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sórí ọlọ.

"Ó dáa," ló wí níkẹyìn. "Ìwọ ni kó o gbé e lọ."

"Èmi ni mo máa gbé e," ni Pàppátì dáhùn kíákíá, bí ẹni tó ti ń ṣe ìgbáradì ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. "Ṣùgbọ́n wá bá mi rò ó. Tèmi máa ń ní kókó."

Wọ́n gbé e kaná lẹ́yìnkùlé. Rákkàyì di orógùn mú, ó ń rò ó láìdáwọ́ dúró. Pàppátì gbé imú sókè lójú èéfín, "Ó ti fẹ́ máa jó o, fa igi yẹn jáde," Tẹ́nmọ́lì sì ń fa igi. Nígbà tó ki, Rákkàyì ki ọwọ́ bọ omi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú ẹ̀kọ náà pẹ́ẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti jinná. Ó bu iyọ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n bù.

Lọ́sàn-án, Pàppátì ló ṣáájú, ìkòkò wà lórí rẹ̀, ewé dóńgóyárò yí i lọ́rùn, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ tirẹ̀. Ojú àwọn obìnrin àdúgbò kò kúrò lára Rákkàyì tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́ òfo. Ó dùn ún. Kò sì gbójú sílẹ̀.

Nígbà tí Ìyá ti gba tirẹ̀, wọ́n bu fún gbogbo ènìyàn pẹ̀lú àlùbọ́sà wẹ́wẹ́. Rákkàyì mu ún. Ó tutù lọ́fun, ó wúwo díẹ̀ níkùn, ìyẹn nìkan. Ó bu àlùbọ́sà jẹ, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ojú ṣì gbọ́ ohun tí imú kò gbọ́.

Tẹ́nmọ́lì sún mọ́ ọn, ó mu tirẹ̀, ó tọ́ ètè lá.

"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?" ni Rákkàyì bi í. "Má purọ́ fún mi."

Ọmọ náà tún mu ún, ó di ojú, ó ń wá a lórí ahọ́n.

"Ó kan, Ìyá. Kì í ṣe kíkan tí í fa èèyàn létí. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀, lẹ́yìn téèyàn bá ti gbé e mì tán. Iyọ̀ rẹ̀ ló fi díẹ̀ pọ̀."

"Iyọ̀ pọ̀?"

"Díẹ̀."

Rákkàyì na igbá rẹ̀ sí i. "Mu tèmi náà, kó o sì tún un sọ."