Ògiri Tí Ṣàfíù Fojú Méfò

"Kí lọmọ yìí mu?" dókítà obìnrin náà tún bi í.

"Kẹrosíìnì ni," Ṣàfíù dáhùn.

"Ṣé ẹ mọ̀ ni, àbí ẹ̀ ń méfò?"

Ṣàfíù wojú ọmọ náà. Hamdalah, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta, ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ìgò mínírà kan ló bá lẹ́nu ọ̀nà Adéríbigbé, alájọgbélé wọn tó ń tún bátìrì ṣe, ló bá gbé e mu. Nígbà tí wọ́n máa fi débẹ̀, ìgò ti dojú délẹ̀. Wọ́n ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e wá sílé ìwòsàn ní Ìgándó, torí gbogbo ilé gbà pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé.

Adéríbigbé nìkan ló mọ ohun tó wà nínú ìgò náà, ó sì ti lọ síbi iṣẹ́ ní Ìpájà.

Bíríkìlà ni Ṣàfíù. Láti ìgbà tó ti sá kúrò nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú ló fi ń wọn nǹkan. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí Ṣàfíù mọ ògiri kan fún lánlọ́ọ̀dù wọn, Adéríbigbé dúró níwájú bàbá náà, ó ní, "Bàbá, ògiri yìí wọ́. Ṣàfíù ò wọ̀n ọ́n, ó fojú méfò ni." Wọ́n wó ògiri náà lójú gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ náà, Ṣàfíù ò kí i, kò jẹ́ ẹ lóhùn, ó sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́.

"Ìtọ́jú kẹrosíìnì yàtọ̀," dókítà ní. "Tẹ́ ẹ bá ṣì mí lọ́nà, ọmọ yín ló máa jìyà ẹ̀."

Sìkírátù, ìyàwó rẹ̀, ti fóònù tirẹ̀ mọ́ ọn láyà. "Nọ́ńbà ẹ̀ rèé. Ẹ pè é jàre! Àbí ògiri yẹn náà lẹ fẹ́ mọ sórí sàréè ọmọ mi?"

Ṣàfíù gba fóònù náà, ó pè é.

"Ìyá Hamdalah, ẹ n lẹ́ o," Adéríbigbé ní.

"Èmi Ṣàfíù ni. Hamdalah mu nǹkan inú ìgò ẹnu ọ̀nà ẹ. Kí ló wà níbẹ̀? Mi ò mọ̀. Mo kàn ń méfò ni."

"Yéè! Ásíìdì bátìrì ni! Ṣàfíù, ásíìdì ni!"

Dókítà ti gbọ́. Ó ké sí àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n ti bẹ́ẹ̀dì wọlé kíákíá.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé á yè?"

Obìnrin náà wò ó lójú. "Mi ò ní méfò fún yín, bàbá."

Ilẹ̀kùn pa dé. Sìkírátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú fóònù, Adéríbigbé ṣì ń ké pé, "Ṣàfíù, ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Máa bọ̀," Ṣàfíù ní. Kò lè pa fóònù náà.