Okùn Tíṣà Ẹ̀wà

Ọjọ́ tí ìròyìn ikú ìyàwó rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn, àgbẹ̀ kan ń tu èpò nínú ẹ̀wà tó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó náà. Àbúrò ìyàwó ló mú un wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀. Ìyàwó yín ò dìde mọ́."

Tíṣà Ẹ̀wà ni gbogbo ará àdúgbò ń pe obìnrin náà. Òun ló kọ́kọ́ gba irúgbìn tuntun lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó fún ọkọ rẹ̀ ní agolo kan. Ọkọ gbìn ín bí bàbá rẹ̀ ti ń gbin ẹ̀wà tó ń fà nílẹ̀: àlàfo gbàgẹ̀rẹ̀. Ó retí kó fà, kò fà. Èpò ló wá jókòó sáàárín bí onílé.

"Baálé mi, ẹ̀wà yìí kì í rìnrìn àjò o," ni ìyàwó wí, tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìdúró ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó súnmọ́ ẹnìkejì rẹ̀."

"Ṣé mo ti wá di ọmọ iléèwé ẹ ni?"

"Ẹ tiẹ̀ ti féèlì. Ẹ máa tún kíláàsì kà."

Ìyàwó ta kókó-kókó sí okùn kan tí yóò máa fi wọn àlàfo ìgbìn, ṣùgbọ́n ọkọ kò fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn ìsìnkú, agolo irúgbìn kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí ìyàwó ti dé pinpin nítorí kòkòrò.

"Ṣé ká sè é fún àlejò?" ni àbúrò ìyàwó bèèrè.

"Rárá o. Bí a bá jẹ ẹ́, ó tán nìyẹn. Bí mo bá sì tún gbìn ín ní ìgbìnkugbìn, ó tán náà ni."

Òjò àsìkò kejì rọ̀. Àgbẹ̀ náà kan èèkàn méjì mọ́lẹ̀, ó na okùn ìyàwó rẹ̀ sáàárín wọn. Ó ya ọwọ́ tirẹ̀ láti àtàǹpàkò dé ìka kékeré, ó fi wọn àlàfo kókó kan sí èkejì. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ó yé e nígbà náà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ìyàwó fi wọ̀n ọ́n, ní kókó kọ̀ọ̀kan, látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó ká ìka rẹ̀ díẹ̀, kó lè bá ti ìyàwó rẹ̀ mu.

"Ó dáa, Tíṣà," ló wí. Ó kúnlẹ̀, ó sì gbin hóró méjì sí ẹsẹ̀ kókó àkọ́kọ́.